Alágbàfọ̀ Tó Ń Jowú Ara Rẹ̀

Bí ẹ bá fẹ́ mọ irú èèyàn tí alágbàfọ̀ yìí jẹ́ kó tó ṣubú, ẹ má bi òun fúnra rẹ̀. Ẹ bi àwọn oníbàárà rẹ̀. Wọ́n á ròyìn rẹ̀ fún yín títí ẹnu á fi ro wọ́n. Wọ́n á ní ọkùnrin kan wà ní ìsàlẹ̀ ilé alájà mẹ́ta tó wà ní ìkángun òpópónà, tó ń fọ aṣọ, tó ń lọ aṣọ, tí ẹnu rẹ̀ kì í dilẹ̀. Ẹni tó bá gbé ìbínú wọ ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ nítorí bọ́tìnnì tó já, ẹ̀rín ló máa gbé jáde. Á gbé ṣòkòtò ọ̀gá ilé iṣẹ́ kan sókè síbi iná, á wo ìdí rẹ̀ tó ti fẹ́lẹ́, á ní, "Ìwọ yìí, ojú rẹ ti rí nǹkan." Á ní láti ara ọwọ́ ẹ̀wù tíṣà ni òun ti ń mọ̀ pé ìdánwò ti wọlé, nítorí tádàwà pupa á ti kún ibẹ̀ bámúbámú. Panilẹ́rìn-ín ni wọ́n ń pè é. Àwọn mìíràn ò tiẹ̀ mọ̀ pé ìyá tó bí i sọ ọ́ lórúkọ mìíràn.

Òun àti ìyàwó rẹ̀ ni wọ́n jọ ń ṣiṣẹ́ náà. Òun ń fọ̀, ìyàwó ń lọ̀. Iṣẹ́ kan ṣoṣo ló wà tí ẹnikẹ́ni nínú wọn ò lè dá ṣe, ìyẹn ni kíká aṣọ ibùsùn ilé ìtura tó wà lẹ́yìn ọ̀nà. Aṣọ náà fẹ̀ púpọ̀. Ọkọ á di igun méjì mú, ìyàwó á di igun méjì mú, wọ́n á fà á, wọ́n á gbọ̀n ọ́n, wọ́n á ṣẹ́ ẹ po sí méjì, wọ́n á wá rìn bá ara wọn láti so igun pọ̀ mọ́ igun. Wọ́n máa ń pàdé bẹ́ẹ̀ láìmọye ìgbà lóòjọ́. Àwọn tó bá ń kọjá á máa gbọ́ ẹ̀rín obìnrin náà látìta.

Ọjọ́ tó ṣubú, kò sí ohun àrà kankan tó ṣẹlẹ̀. Ó gbé agbọ̀n aṣọ tútù lé èjìká, ó ń gun àtẹ̀gùn lọ sórí ilé níbi tí wọ́n ń sá aṣọ sí. Omi tó ń kán nínú agbọ̀n náà ló tẹ̀. Ẹsẹ̀ rẹ̀ yọ̀, ó fẹ̀yìn lélẹ̀, ó sì fi ìpàkọ́ gbá etí àtẹ̀gùn. Omi ọwọ́ ara rẹ̀ ló gbé e ṣubú, ọkùnrin tó ti ń fi omi jẹun láti ìgbà èwe rẹ̀. Ó ń dùn mí bí mo bá rò ó.

Ní ilé ìwòsàn, wọ́n la agbárí rẹ̀ láti fa ẹ̀jẹ̀ tó dà sí ọpọlọ rẹ̀ jáde, wọ́n sì jẹ́ kó máa sùn. Gbogbo ènìyàn wá di aríran. Dókítà kan ní ó lè má jí. Òmíràn ní bó bá jí, ó lè má sọ̀rọ̀. Ẹ̀gbọ́n ìyàwó rẹ̀ obìnrin fa àbúrò rẹ̀ sí kọ̀rọ̀, ó ní kó gba kádàrá. Ìyàwó nìkan ló ta kú. "Ẹ ò mọ ọkọ mi ni. Ó máa jí, àwàdà ló sì máa fi bẹ̀rẹ̀. Ẹ ṣáà máa wò ó."

Ó jí lóòótọ́. Gbogbo wọn yí bẹ́ẹ̀dì ká, wọ́n tẹ́ etí. Ó la ẹnu rẹ̀ tó ti gbẹ, ó ní, "Omi."

Ìyàwó bú sẹ́rìn-ín. Ó di nọ́ọ̀sì mú lápá, ó ní, "Ẹ gbọ́ o! Alágbàfọ̀ jí, omi ló kọ́kọ́ béèrè! Ṣé mi ò sọ fún yín?"

Òun ò dá àpárá kankan. Òùngbẹ ló ń gbẹ ẹ́. Ohun àkọ́kọ́ tó rántí nínú ayé tó ń gbé báyìí nìyẹn: obìnrin kan ń rẹ́rìn-ín, omijé ń dà lójú rẹ̀, kò sì sẹ́ni tó fún òun lómi.

Ó mọ̀ pé ìyàwó òun ni. Kí ẹnikẹ́ni má ṣì mí gbọ́. Ó mọ ọjọ́ tí wọ́n ṣègbéyàwó, ó mọ ọmọbìnrin kan ṣoṣo tí wọ́n bí, tó ti relé ọkọ lọ́nà jíjìn. Ó mọ ibi tí wọ́n ti ra ọpọ́n ìfọṣọ àkọ́kọ́. Gbogbo rẹ̀ pé sórí rẹ̀. Ṣùgbọ́n ńṣe ló rí lára rẹ̀ bí ohun tó ṣẹlẹ̀ sí aládùúgbò kan tí wọ́n jọ gbélé, tó ti kó lọ.

Nígbà tí wọ́n dá a sílẹ̀ tó padà sí ṣọ́ọ̀bù, ìyàwó fún un ní áyọ́ọ̀nù. Kò pẹ́ tó fi gbàgbé áyọ́ọ̀nù náà sórí ṣòkòtò ẹni ẹlẹ́ni, tí èéfín fi bo gbogbo ilé. Látọjọ́ náà, ìyàwó gba ohunkóhun tó bá jẹ mọ́ iná lọ́wọ́ rẹ̀. Ó gbé àga kékeré kan fún un lẹ́bàá fèrèsé, ó kó bọ́tìnnì àti ìbọ̀sẹ̀ sí iwájú rẹ̀.

Ẹ wò ó, ọkùnrin yìí fẹ́ràn ìbọ̀sẹ̀ o. Ilé ìtura yẹn ń kó ìbọ̀sẹ̀ àwọn àlejò wọn wá lápò lápò, ó sì fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ dúdú nìkan ni gbogbo rẹ̀. Lójú ẹni tí ò ní sùúrù, ọ̀kan náà ni wọ́n. Lójú tirẹ̀, wọn ò jọra rárá. Eléyìí fún lọ́rùn, tọ̀hún ti fẹ́lẹ́ ní gìgísẹ̀, èyí dúdú ṣùgbọ́n ó ti ń fẹ́ jọ eérú. Á mú ọ̀kan dání, á máa wá èkejì rẹ̀ láìkánjú. Bó bá sì ti rí i, nǹkan kan á balẹ̀ nínú rẹ̀ pẹ̀sẹ̀. Ìmọ́lẹ̀ á máa gba ojú fèrèsé wọlé sí ọwọ́ rẹ̀, omi á máa ṣàn nínú páìpù, kò sí ẹni tó ń pariwo. Lẹ́yìn oúnjẹ ọ̀sán, á sùn díẹ̀. Bó bá jí, ìbọ̀sẹ̀ ṣì kù. Ayé dùn mọ́ ọn.

Àwọn oníbàárà ló ń fún un ní wàhálà. Ọ̀rọ̀ tó bá wà nínú rẹ̀ ló ń sọ, kò sì mọ̀ pé ó yẹ kí òun kọ́kọ́ fi àtíkè pa á lára. Obìnrin kan gbé kaba kan wá, ó ní wọ́n ti fọ̀ ọ́ títí ó fi súnkì. Alágbàfọ̀ wo kaba, ó wo obìnrin náà láti òkè délẹ̀. "Aṣọ ò súnkì, màmá. Ẹ̀yin lẹ sanra." Tíṣà náà wá gba ẹ̀wù rẹ̀, alágbàfọ̀ sọ fún un pé abíyá rẹ̀ ń rùn, kó lọ rí dókítà. Tíṣà rẹ́rìn-ín, ó rò pé àwàdà ti padà dé. Nígbà tó rí i pé ẹnì kejì ò rẹ́rìn-ín, ó kó ẹ̀wù rẹ̀, ó sì jáde wọ́ọ́rọ́wọ́.

Èyí tó tún le ju ìyẹn ni pé àwọn kan máa ń gba aṣọ wọn tán, wọn ò ní lọ. Wọ́n á kàn dúró níwájú káńtà, wọ́n á máa wo ẹnu rẹ̀. Lákọ̀ọ́kọ́, ó rò pé wọ́n gbàgbé nǹkan. "Ó ku kí ni?" ni yóò bi wọ́n. Wọ́n á ní kò sí o, kò sí nǹkan kan. Ojú wọn á fàro, wọ́n á lọ. Ó pẹ́ kó tó yé e pé ẹ̀rín tiwọn ni wọ́n wá gbà, tí kò sí nínú ẹrù tí òun dì fún wọn.

Ìyàwó á sì sáré tẹ̀lé wọn dé ẹnu ọ̀nà. "Ẹ má bínú, ẹ ṣe sùúrù fún un. Ó ń bọ̀. Díẹ̀díẹ̀ ló ń bọ̀."

Ó máa ń gbọ́ ọ láti ibi tó jókòó sí. Ó ń bọ̀. Á gbé ojú sókè, á wo ilẹ̀kùn. Èmi rèé níbí, á sọ fún ara rẹ̀, ta ló wá ń bọ̀? Díẹ̀díẹ̀ ló wá mọ ẹni tí ìyàwó òun ń retí. Ọkùnrin kan báyìí tí wọ́n jọ ń ru orí kan náà, tó mọ̀rọ̀ọ́ sọ jù ú lọ, tí gbogbo àdúgbò fẹ́ràn. Òun sì rèé, tó kàn ń bá ọkùnrin náà jókòó sórí àga rẹ̀. Owú bẹ̀rẹ̀ sí í jẹ ẹ́. Ẹ máa rẹ́rìn-ín o, ṣùgbọ́n owú gidi ni, irú èyí tó ń mú kí oúnjẹ korò lẹ́nu èèyàn.

Lẹ́yìn bí ọdún méjì, wọ́n ránṣẹ́ sí wọn láti ilé ìwòsàn pé kí wọ́n wá fún àyẹ̀wò. Dókítà tó ń tọ́jú ọpọlọ níbẹ̀ jẹ́ obìnrin tí kì í kánjú sọ̀rọ̀. Yàrá rẹ̀ kò ju tábìlì kan àti àga mẹ́ta lọ. Ó ní òun fẹ́ mọ bí ayé ṣe rí fún bàbá báyìí, kí òun lè sọ bó ṣe máa rí lọ́jọ́ iwájú.

"Bàbá, ṣé ẹ̀ ń rí oorun sùn?"

"Mò ń sùn."

"Oúnjẹ ńkọ́?"

"Ó ń wọlé."

"Àwọn ọ̀rẹ́ yín ń wá kí yín?"

"Wọ́n ń wá tẹ́lẹ̀. Wọn ò wá mọ́."

"Ṣé ó ń dùn yín?"

Ó rò ó wò. "Rárá. Wọ́n máa ń pariwo."

Dókítà rẹ́rìn-ín músẹ́. "Kí ló máa ń mú inú yín dùn jù?"

"Ìbọ̀sẹ̀."

"Ìbọ̀sẹ̀ kẹ̀?"

"Bí mo bá ti rí èkejì rẹ̀."

Ìyàwó tó jókòó lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ tẹrí ba. Dókítà ní kí bàbá wo ìka ọwọ́ rẹ̀ mẹ́wẹ̀ẹ̀wá, kó ka gbogbo rẹ̀ sí ayé tó dára jù lọ, kó wá fi iye tí ayé tirẹ̀ jẹ́ hàn òun. Alágbàfọ̀ ò fi ọ̀rọ̀ náà ṣeré. Ó wo ọwọ́ rẹ̀ dáadáa, ó ká àtàǹpàkò méjèèjì mọ́ àtẹ́lẹwọ́, ó na ìka mẹ́jọ tó kù sókè. Dókítà kọjú sí ìyàwó, ó ní, "Lójú tiyín ńkọ́, màmá? Ayé tí bàbá ń gbé yìí, ìka mélòó ni?" Ìyàwó na ìka méjì péré.

Dókítà wo ìka méjì, ó tún wo ìka mẹ́jọ tí alágbàfọ̀ ò tíì sọ̀ kalẹ̀. "Màmá, ayé ọkọ yín lẹ̀ ń sọ ni, àbí tiyín?"

Ìbéèrè tirẹ̀ ni ìyàwó gbé kalẹ̀, èyí tó ti gbé sínú láti ọjọ́ pípẹ́. "Dókítà, ẹ dákun. Ìgbà wo ló máa padà bọ̀ sípò?"

"Mi ò ní parọ́ fún yín," ni dókítà wí. "Ọpọlọ tó bá fara pa máa ń yára tún ara rẹ̀ ṣe níbẹ̀rẹ̀. Tó bá yá, á máa falẹ̀. Ibi tó bá dé lẹ́yìn irú àsìkò yìí, ibẹ̀ ló sábà máa ń dúró sí. Èmi kì í ṣe Ọlọ́run, mo sì ti rí àwọn tó yà mí lẹ́nu. Àmọ́ tẹ́ ẹ bá bi mí ní ohun tí mo rò, mo rò pé bàbá á máa rìn, wọ́n á máa sọ̀rọ̀, wọ́n á máa fọwọ́ ara wọn jẹun fún ọ̀pọ̀ ọdún. Á máa tètè rẹ̀ wọ́n. Kò ní ṣeé ṣe láti fi wọ́n nìkan sílẹ̀ sídìí iná. Wọn ò ní máa jẹ̀rora. Ẹ̀dá tí ẹ̀ ń retí yẹn, apanilẹ́rìn-ín yẹn, mi ò rò pé ó ń bọ̀ mọ́."

Inú alágbàfọ̀ dùn dé ọkàn. Láti àárọ̀ ni àyà rẹ̀ ti ń já pé wọ́n á ní orí òun tún máa bàjẹ́ ju báyìí lọ, pé wọ́n á gba fèrèsé àti ìbọ̀sẹ̀ lọ́wọ́ òun. "Bí mo ṣe wà yìí ni mo ṣe máa wà?"

"Bẹ́ẹ̀ ni, bàbá."

"Ẹ ṣé. Ẹ ṣé gan-an ni." Ó dìde, ó bọ dókítà lọ́wọ́. Ó yíjú sí ìyàwó rẹ̀ kí wọ́n lè jọ yọ̀, ó sì rí i pé ó ti fi ìborùn bo ojú, èjìká rẹ̀ ń mì. Ọ̀rọ̀ kan náà ni wọ́n sọ fún àwọn méjèèjì nínú yàrá yẹn. Òun gbọ́ ọ bí ìdáǹdè, ìyàwó rẹ̀ gbọ́ ọ bí ikú.

Láti ọjọ́ náà, ìyàwó ò sọ fún oníbàárà kankan mọ́ pé ó ń bọ̀. Ó ń ṣiṣẹ́ rẹ̀, ó ń gbé oúnjẹ fún un, ó ń bá a wẹ ẹ̀yìn. Kò jágbe mọ́ ọn rí. Ṣùgbọ́n bí iṣẹ́ bá dilẹ̀ díẹ̀, á gbé fóònù rẹ̀ lọ sẹ́yìn ibi tí wọ́n ń fi aṣọ kọ́ sí, á pẹ́ níbẹ̀. Lọ́jọ́ kan, alágbàfọ̀ gbọ́ ẹ̀rín rẹ̀ láti ibẹ̀. Ẹ̀rín! Ó ti pẹ́ tó ti gbọ́ ọ. Lẹ́yìn ẹ̀rín náà ló gbọ́ ohùn ọkùnrin.

Ó dìde nídìí ìbọ̀sẹ̀. Ó rọra rìn gba àárín aṣọ tí wọ́n fi kọ́, ó fi ọwọ́ la kóòtù méjì, ó sì rí ìyàwó rẹ̀ tó jókòó sórí àpò ọṣẹ, tó gbé fóònù sétí, tó di ojú, tó ń rẹ́rìn-ín, tí omijé sì ń ṣàn. Ohùn tó ń bọ̀ láti inú fóònù náà, ohùn òun fúnra rẹ̀ ni. Ó padà sẹ́yìn láìjẹ́ kó mọ̀. Ojú ń tì í bí ẹni tó ká ìyàwó rẹ̀ mọ́ ọkùnrin, kò sì rí ẹni tó máa gbá mú.

Ìyàwó ló gba ohùn náà sílẹ̀ nígbà kan tí wọ́n ń ká aṣọ. Ó gbé fóònù sórí pẹpẹ kí ó lè fi àwàdà bàbá ránṣẹ́ sí ọmọ wọn. Nínú rẹ̀, Panilẹ́rìn-ín ń ṣe bí ẹni tó ń ka ìròyìn lórí rédíò. "Ẹ kú ìrọ̀lẹ́ o, ẹ̀yin olùgbọ́ wa. Ìròyìn tó ṣẹ̀ṣẹ̀ tẹ̀ wá lọ́wọ́ fi yé wa pé wọ́n ti jí ọkàn alágbàfọ̀ kan gbé nínú ṣọ́ọ̀bù rẹ̀. Obìnrin ni afurasí náà. Ó dúdú, ó rẹwà, áyọ́ọ̀nù sì wà lọ́wọ́ rẹ̀. Ẹnikẹ́ni tó bá rí i, kó má sá. Kó dì í lọ́wọ́ mú, kó má fi í sílẹ̀." Ibi tó bá ti ní kí wọ́n dì í lọ́wọ́ mú yẹn ni igun aṣọ máa ń pàdé, tí ẹ̀rín obìnrin á sì bo gbogbo ọ̀rọ̀ mọ́lẹ̀.

Alágbàfọ̀ rò ó títí. Dókítà ti ní ọkùnrin náà ò bọ̀ mọ́. Ìyẹn ò ní kí òun má lọ bá a. Bó bá jẹ́ ọ̀rọ̀ yìí ni ìyàwó òun ń wá, ọ̀rọ̀ lásán ni, èèyàn lè kọ́ ọ. Nígbà tí ìyàwó bá gbé aṣọ lọ sí ilé ìtura, tó fi fóònù sílẹ̀ níbi tó ti ń gba iná, á tẹ̀ ẹ́, á gbọ́, á wí i tẹ̀lé e bí ọmọ ilé-ìwé tó ń kọ́ àkọ́sórí. Bó bá mú ìbẹ̀rẹ̀ lórí, ìparí á sá lọ. Bó bá mú ìparí, ìbẹ̀rẹ̀ á yọ́ lọ. Orí á máa fọ́ ọ. Kò kọ ẹ̀yìn sí i. Ó kọ́ ibi tí ohùn ti ń gòkè, ó kọ́ ibi tí ohùn ti ń wálẹ̀, ó kọ́ ibi tí wọ́n ti ń mí. Inú rẹ̀ kì í dùn sí i bó ti ń dùn sí ìbọ̀sẹ̀. Ṣùgbọ́n kò kọ́ ọ nítorí inú tirẹ̀. Ó fẹ́ kí obìnrin yẹn wo òun lẹ́ẹ̀kan bó ṣe máa ń wo fóònù.

Ọjọ́ tó mọ̀ ọ́n tán, wọ́n ti ti ilẹ̀kùn ṣọ́ọ̀bù, oòrùn ṣì wà lójú fèrèsé. Aṣọ ibùsùn ló kù. Ìyàwó di igun méjì mú, òun di igun méjì mú. Wọ́n fà á, wọ́n gbọ̀n ọ́n, wọ́n ṣẹ́ ẹ po. Bí wọ́n ṣe fẹ́ rìn bá ara wọn, ó gbọ́ ara rẹ̀ tó la ọ̀nà ọ̀fun.

"Ẹ kú ìrọ̀lẹ́ o, ẹ̀yin olùgbọ́ wa."

Ìyàwó dúró gbagidi.

"Ìròyìn tó ṣẹ̀ṣẹ̀ tẹ̀ wá lọ́wọ́ fi yé wa pé wọ́n ti jí ọkàn alágbàfọ̀ kan gbé nínú ṣọ́ọ̀bù rẹ̀."

"Bàbá ọmọ mi?" Ohùn rẹ̀ kéré bí ti ọmọdé. Ẹnu rẹ̀ là, ojú rẹ̀ là, ẹ̀rín àti ẹkún ń du ọ̀nà mọ́ ara wọn lójú rẹ̀. Ojú yẹn nìyẹn! Ojú tí òun ń wá nìyẹn, òun ni wọ́n sì ń fi í wò. Àyà alágbàfọ̀ kún fún ayọ̀ tó bẹ́ẹ̀ tí ó fẹ́rẹ̀ẹ́ gbàgbé èyí tó kàn.

"Obìnrin ni afurasí náà. Ó dúdú, ó rẹwà," ó yí orí sí ọ̀nà ilẹ̀kùn, ó gbé ohùn sókè, "à ń bọ̀ o, ẹ jókòó!" Ó yí orí padà. "Áyọ́ọ̀nù sì wà lọ́wọ́ rẹ̀. Ẹnikẹ́ni tó bá rí i, kó má sá. Kó dì í lọ́wọ́ mú, kó má fi í sílẹ̀."

Ó di ọwọ́ ìyàwó rẹ̀ mú. Ọwọ́ náà ti tutù.

Ìyàwó wo ilẹ̀kùn tí wọ́n ti tì pa. Kò sí ẹnikẹ́ni níbẹ̀. "Ta lẹ̀ ń dá lóhùn?"

"Ẹni tí mo máa ń dá lóhùn níbẹ̀."

Lọ́jọ́ tí wọ́n gba ohùn yẹn sílẹ̀, tíṣà ló kan ilẹ̀kùn láàárín àwàdà pé òun wá gba ẹ̀wù. Ìkànkùn náà ò dún jáde nínú fóònù, ìdáhùn nìkan ló wà níbẹ̀, ìyàwó kò sì kà á mọ́ ìròyìn náà rí. Ibo ni ọkùnrin yìí á ti mọ̀? Lójú tirẹ̀, ara ìròyìn ni.

Ìyàwó fa ọwọ́ rẹ̀ yọ. Aṣọ já bọ́ sílẹ̀, òun náà sì jókòó lé e lórí. "Inú fóònù mi lẹ ti kọ́ ọ."

"Inú rẹ̀ ni. O máa ń rẹ́rìn-ín sí i. Èmi náà fẹ́ kó o rẹ́rìn-ín sí mi." Ó dúró tì í, kò mọ ibi tí òun máa gbé ọwọ́ sí. "Ṣé mi ò ṣe é dáadáa ni?"

"Ẹ ṣe é dáadáa." Ó fi ẹ̀yìn ọwọ́ nu ojú, kò gbẹ. "Nígbà tẹ́ ẹ bẹ̀rẹ̀, mo rò pé dókítà ti ṣì í sọ. Mo rò pé ọkọ mi dé."

"Ṣé kí n máa ṣe é lójoojúmọ́?"

"Rárá. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má ṣe é mọ́ láéláé."

Alágbàfọ̀ ń rò ó, bó ṣe máa ń ro gbogbo nǹkan báyìí, láìkánjú, láìfi nǹkan kan bo òmíràn. Ó rò nípa gbogbo àwọn tó ń wọlé kí ìyàwó òun láti ìgbà tí òun ti padà sílé. "Ẹ kú ewu o," ni gbogbo wọn ń sọ. "A bá yín dúpẹ́, ọkọ yín ò kú." Ìyàwó náà á ní ẹ ṣé, a dúpẹ́. Obìnrin náà ti kó ẹkún ẹni tí ọ̀fọ̀ ṣẹ̀ sínú láti ọjọ́ yìí wá, ìdúpẹ́ ni wọ́n sì ń bá a ṣe. Kò sí ẹyọ ẹnì kan tó rò ó pé ó yẹ kí àwọn bá a kẹ́dùn ẹni tó pàdánù.

Ó ká ẹsẹ̀ rẹ̀, ó jókòó tì í lórí aṣọ ibùsùn náà. Ó gbé ọwọ́ lé ọwọ́ rẹ̀ bí àlejò tó mọ ibi tí ó yẹ kí òun dúró.

"Ìyá ọmọ mi," ó ní, "o kú àràfẹ́rakù. Ọlọ́run á tù ọ́ nínú."

Ìyàwó wò ó. Igbe tó wá jáde lẹ́nu rẹ̀ kì í ṣe irú èyí tí èèyàn ń fi ìborùn bò. Ó ké, ó fi orí lé èjìká ọkùnrin náà, ó pe ọkọ rẹ̀ ní gbogbo orúkọ tó máa ń pè é nígbà tí wọ́n ṣì jẹ́ ọ̀dọ́, ó bi í pé ta ló fi òun sílẹ̀ fún. Alágbàfọ̀ ò ní kó dákẹ́. Ariwo náà ń dun orí rẹ̀ gan-an, ó sì fara dà á títí ó fi rọlẹ̀.

Nígbà tó yá, ìyàwó gbé ojú rẹ̀ tó ti wú sókè. "Ẹ̀yin ńkọ́? Ẹ ò ní sunkún rẹ̀ ni?"

Ó rò ó wò. Kò fẹ́ parọ́ fún ẹni tó ń ṣọ̀fọ̀.

"Mi ò mọ̀ ọ́n tó bẹ́ẹ̀," ó ní. "Àmọ́ mo ti gbọ́ ohùn rẹ̀. Èèyàn dáadáa ni."